Ta Ló Ń Fún Káfíńtà Lọ́tí?

                                        Ilé Àwọn Nọ́ọ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ọsibítù.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Abẹ́rẹ́-Ò-Dunni,

Ṣé dáadáa lo wà? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tó ń hu eyín? Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ ìyá wa ti ń gbé wọn rìn báyìí. Inú mi dùn púpọ̀. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìwọ nìkan ni mo lè rò ó fún.

Wọ́n gbé káfíńtà kan wá sí wọ́ọ̀dù wa. Inú ń run ún, ìrora náà gún un láti ikùn yọ sẹ́yìn, ó ń bì, ó sì ká kò bí ìgbín. Dókítà ní ọtí ló fà á: ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, tó ń ṣe omi tí í yọ́ oúnjẹ, ló wú, omi náà wá ń jẹ ẹ̀yà ara ọ̀hún fúnra rẹ̀. O mọ ìtọ́jú rẹ̀. A fa omi sí i lára, a gún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, a ní kó má tíì jẹun, a sì ń wọn ìtọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń gbọn èèrà tí kò sí kúrò lórí aṣọ, a mọ̀ pé àìrí-ọtí-mu ló dé. A fún un lóògùn tó mú un rọlẹ̀, mo sì jókòó tì í títí ó fi dákẹ́.

Ara rẹ̀ ń yá. Ó tiẹ̀ ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó kan àga wa ò mọṣẹ́. Àfi bí inú rírun náà ṣe padà dé lójijì. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e jókòó, òórùn ọtí sì lù mí nímú.

Ojú mi lọ tààrà sára ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Bó bá ti gbé fúláàsì rẹ̀ dé, á fa kọ́tìnnì yí ibùsùn po, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí mo bá yọjú, á ti fúláàsì sábẹ́ àga. Ṣé ènìyàn kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Lọ́jọ́ kejì, mo ká wọn mọ́bẹ̀.

"Màmá, ẹ gbé fúláàsì yẹn fún mi."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Nọ́ọ̀sì?"

"Ẹ ṣáà gbé e wá."

Omi gbígbóná lásán ló wà níbẹ̀. Ó ní òun fi ń nu ọkọ òun lára ni, pé ojú ń tì í kí àwọn ọmọdébìnrin máa wẹ̀ ẹ́. Mi ò gbà. Mo tú báàgì rẹ̀ lójú gbogbo wọ́ọ̀dù, n ò rí nǹkan kan. Ó kó ẹrù rẹ̀ jọ, ó lọ.

Síbẹ̀, ìfura ò fi mí sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń ṣọ́ káfíńtà. Ó wọ̀tún, ó wòsì. Ó na ọwọ́ sí ìgò sànìtáísà tí a so mọ́ ibùsùn, èyí tí a fi ń pa kòkòrò ọwọ́ wa. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ife, ó bu omi lé e, ó gbé e mì.

Ọ̀rẹ́ mi, ọtí líle ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èmi ni mo sì ń rọ ọ́ kún láràárọ̀!

Mo já ife náà gbà. Ó bú sẹ́kún. "Ẹ má bínú, Nọ́ọ̀sì. Ara yìí ló ń bèèrè, kì í ṣe èmi."

A tún ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, a tú gbogbo ìgò náà kúrò. Inú àpò wa ló ń wà báyìí. Ìrora ti lọ, ó sì ti gbà láti lọ rí àwọn tó ń ran ọ̀mùtí lọ́wọ́.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ padà wá, mo bẹ̀ ẹ́ tẹkúntẹkún. Ó ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, oògùn kóògùn tí mo bá gbé wá, á gbà á lọ́wọ́ mi, á gbé e sí imú, á gbóòórùn rẹ̀ dáadáa kó tó fún ọkọ rẹ̀. Mi ò lè bá a wí. Mo ń dúró níbẹ̀ ni, títí á fi gbóòórùn rẹ̀ tán.

Bá mi kí baálé rẹ, fẹnu ko àbíkẹ́yìn lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi, kí o sì sọ fún ìyá wa kí wọ́n rọra máa tẹlẹ̀.

Tìrẹ ni mí, láìyẹsẹ̀,
Onísùúrù
(orúkọ tí ẹ fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́)