Àbàtà Tí Mo Ro Lẹ́bàá Pápá Ìṣeré

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ojú kò níí pọ́n yín, ẹsẹ̀ yín kò níí kọ nílùú tí ẹ wà. Ara mi le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò. Ìyàwó télọ̀ ló ń bá mi kọ èyí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi adùn kún ohun tí mo bá wí.

Iṣẹ́ tí ìwọ àti àwọn ará ọ́fíìsì rẹ ṣe lẹ́bàá pápá ìṣeré òkè ilé wa ni mo fẹ́ sọ. Mo lọ wò ó lọ́jọ́bọ̀, ojú sì tì mí. Ẹ gbẹ́ kòtò ńlá, ẹ da òkúta sí i, ẹ wá jẹ́ kí koríko ga nínú rẹ̀ ju èèyàn lọ. Mo ní ṣé ọmọ àgbẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ tí igbó bò báyìí? Ni mo bá mú àdá àti ọkọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ro ó, mo fa gbòǹgbò rẹ̀ tu, ilẹ̀ mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹni tó ń bójú tó pápá dé, ó káwọ́ lérí. Mo rò pé ọpẹ́ ló ń dá, mo ní kò tó ọpẹ́.

Òjò wá rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Omi òrùlé ibùjókòó òǹwòran pápá àti ti ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ya wálẹ̀ pẹ̀lú epo àti ike, ó forí lé ẹ̀yìnkùlé wa níbi tí ìyá rẹ sùn sí. Ó ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kó dé ibojì. Mo fi ọkọ́ la ọ̀nà mìíràn fún un, mo dúró tì í nínú òjò títí ó fi dá.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin pápá yẹn ṣàlàyé pé àbàtà ni ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, pé koríko náà gan-an ni iṣẹ́ yín: ó ń dá omi dúró, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò. Ó ní ìwọ lo tẹnu mọ́ ọn pé apá ilé wa ni kí wọ́n gbé e sí. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ẹni tó bá fi koríko ṣọ́ ibojì ìyá rẹ̀, ó yẹ kó wí fún bàbá tó ní àdá.

Fi owó ránṣẹ́ kí n fi ra koríko. Mo mọ ohun tí mo sọ. Láti kékeré ni mo ti ń bá koríko jà, n kò rà á rí. Ìyàwó télọ̀ ń rẹ́rìn-ín, kó máa kọ̀wé lọ. Ọkùnrin pápá ní kí n má fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n n ó ti gbìn ín tán kó tó jí. Tètè fi ránṣẹ́, ojú ọ̀run tún ti ń ṣú.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o dàgbà dàrúgbó, kí àwọn ọmọ tìrẹ náà má sì jẹ́ kí omi dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Èmi bàbá rẹ.