Iwájú Orí Ìdílé Wa

Sátidé, 3 oṣù kẹjọ, 2024

Wọ́n ti ba orí ọmọ mi jẹ́!

Mò ń tú irun Pamílẹ́rìn láàárọ̀ yìí kí n lè fọ̀ ọ́, ni mo bá rí i. Ẹ̀bátí méjèèjì. Ó ń dán bí ìdí àwo. Mo fi àtàńpàkò pa á, kò sí irun níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Ọmọ Táyọ̀ ọmọ mi, tí mo fi ọwọ́ ara mi gbà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Mo mọ ẹni tó ṣe é. Sherifa ni, onírun tó wà ní ìta wa ní Alajo níbí, tó jókòó sínú kíósìkì bí ìyàwó tuntun. Kíósìkì ni mo ń pe òun alára. Afua ìyàwó Táyọ̀ ló mú ọmọ lọ síbẹ̀ kí wọ́n di ràsítà fún un nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ parí. Irun tí èmi ń fi òwú kó fún un ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, látìgbà tó ti ní irun lórí, kò tó. Ó di dandan kí wọ́n so irun onírun mọ́ ọn.

Mo sọ fún Afua — Twi, èdè àwọn ará ibí, la jọ ń sọ — pé láti òní lọ, onírun kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orí yẹn mọ́. Inú ilé la ó ti tọ́jú ẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Maa, títí ilé-ìwé fi máa wọlé o. Tí kò bá hù, màá gé gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń gé tàwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba nù-un. Ká gé irun ọmọ tí ìyá ẹ̀ wà láàyè, tí bàbá ẹ̀ wà láàyè! Nílùú tiwa, obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ló ń fárí.

Sọ́ńdè, 4

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ má baà rí orí ọmọ yẹn, kí wọ́n ní ọwọ́ mi ti rọ.

Túsìdeè, 6

Àtàárọ̀ ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ trótrò lọ sí ọjà Tudu, mo ra òrí — èyí tó ń rùn, tó wá láti òkè lọ́hùn-ún, kì í ṣe èyí tí wọ́n da lọ́fínńdà sí — mo ra òwú dúdú. Ọṣẹ dúdú wà nílé. Alata samina làwọn ará ibí ń pè é. Ọṣẹ Alata! Àwa Yorùbá ni wọ́n ń pè ní Alata. Orúkọ wa ni wọ́n fi ń fọ orí, wọ́n wá fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú irun.

Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́. Mo po ọṣẹ mọ́ omi kó má baà ta á lójú. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi òrí ra á láti ìdí dé ṣóńṣó. Mo fi ìlarun là á, ọ̀nà ẹ̀ tọ́ bí ojú irin. Mo wá fi òwú kó o, mo sì fà á kó mú dáadáa, pàápàá níwájú níbi tí Kíósìkì ti bà á jẹ́. Irun tí a bá fà ló ń gùn.

Ó sunkún. "Ɛyɛ me ya, Nana." Ó ń dun òun. Twi ló fi ń sunkún! Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa o, kò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni. Mo ní kó dákẹ́. Mo sọ ohun tí ìyá mi ń sọ fún mi: orí tó máa rẹwà, omijé ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ṣe tán, ojú ẹ̀ fà gùn bí ojú ológbò. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. Ọwọ́ mi ò tíì rọ.

Afua ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní ṣé kò le jù. Ó ní iwájú ọmọ náà ti ń jọ tèmi. Mo ní ìyẹn kì í ṣe èébú. Iwájú ìdílé wa ni. Ìyá mi ní in, ìyá wọn ní in, Bùkọ́lá ọmọ mi obìnrin ní in — gbọọrọ, ó ń dán, ìka mẹ́ta gbáko kí o tó kan irun. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá rí wa lọ́nà ti mọ ilé tí a ti wá. Ṣùgbọ́n àgbà ló ń mú tiwa wá. Kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ti Kíósìkì yàtọ̀.

Sátidé, 10

Mo lọ bá a.

N kò lọ jà. Mo kàn lọ. Ó ń di irun fún obìnrin kan, àwọn méjì ń dúró. Mo ní, Sherifa, ṣé ìwọ lo bó ọmọ mi lórí? Ó ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀ o." Bí ẹni pé mo wá kí i! Ọmọ Cow Lane ni, àárín Yorùbá àti Hausa ló dàgbà sí, Yorùbá ẹ̀ já geere, Hausa ẹ̀ já geere, ẹnu ẹ̀ náà ò sì kú. Ó ní òun ò fọwọ́ kan iwájú rárá. Rorẹ́ wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n mú ọmọ náà wá, òun fi iwájú sílẹ̀, òun sì sọ fún ìyá ẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Mo ní ká ní wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ ni, kò ní máa ta ìrù ẹṣin fún ọmọ ènìyàn.

Obìnrin tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Sherifa náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ bi ọwọ́ tó ń fi òwú fà á."

Ọwọ́ tó ń fi òwú fà á! Èmi! Ó ku díẹ̀ kí n fọ́ dígí ẹ̀. N kò fọ́ ọ. Mo tutọ́ sílẹ̀, mo yíjú padà. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà wa, mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Sọ́ńdè, 11

Mo tú u, mo tún un kó. Mo fà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n á rí i.

Wẹ́sìdeè, 14

Afua gé òwú mi!

Pamílẹ́rìn ò jẹun láàárọ̀. Ó ní orí ń fọ́ òun. Afua gbé ojú ẹ̀ sí fèrèsé, ó ní, "Maa, ẹ wá wò ó." Mo ní n kò rí nǹkan kan. Òótọ́ ni, ojú mi kì í rí ohun kékeré mọ́, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kó mọ̀. Ó di ìka mi mú, ó gbé e lé e. Wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́, bí ọkà bàbà, ní ìdí òwú kọ̀ọ̀kan. Omi ń jáde lára wọn.

Ó mú sísọ́ọ̀sì. Ó ń gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, òwú mi ń já bọ́ sílẹ̀. Tí inú bá ń bí Afua, kì í pariwo. Òyìnbó ló ń sọ, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ẹni ń ka lẹ́tà báǹkì. Ó ní Sátidé yìí òun ń mú un lọ sọ́dọ̀ bábà kí wọ́n gé gbogbo ẹ̀. Kò dúró de ìwọlé mọ́. Táyọ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ tí mo bí! Ó ń jẹ kẹ́ńkẹ́, ó ń wo ojú ẹja.

Ta ló kó rorẹ́ bá a? Ràsítà ni. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, Kíósìkì fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ó ti wà níbẹ̀ kí òun tó —

N kò kọ̀wé mọ́ lónìí.

Fúráìdeè, 16

Treasure dé láti Takoradi. Ọmọ Bùkọ́lá ni, ọmọ ọdún méjìlá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti rí i gbẹ̀yìn. Ìyá ẹ̀ kì í fẹ́ kó wá pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Látìgbà tó ti bí i ló ti ní kí n má fọwọ́ kan irun ọmọ òun. Ọmọ tí mo bí, tí mo di irun ẹ̀ títí ó fi wọ ilé ọkọ! Mo pè é ní ìgbéraga.

Ọmọ náà tú ìborí ẹ̀. Irun! Ó ti iwájú bẹ̀rẹ̀, ó wálẹ̀ sí ẹ̀bátí bí koríko etídò. Imú ẹ̀, imú wa. Etí ẹ̀, etí wa. Bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, ìyá mi gan-an ni. Iwájú ńkọ́? Mo ní ó gbé ti ilé bàbá ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá ẹ̀ pá bí igbá.

Mo bi í pé ta ló ń di irun fún un. Ó ní ìyá òun ni, nílé, ní gbogbo Sọ́ńdè. Omi, òrí díẹ̀, wọ́n á dì í ní mẹ́rin, á rọ̀. Mo ní ṣé kì í dùn ọ́?

Ó ní, "Kí ló dé tó fi máa dùn mí, Nana?"

Sátidé, 17

Mo pe Bùkọ́lá láàárọ̀. Mo ní, iwájú rẹ, ìgbà wo ló pá? Ó ní, "Màámi, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo ní kó dá mi lóhùn. Ó ní òun ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá! Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Mo sọ fún yín. Gbogbo Sátidé ni mò ń sọ ọ́, láàárín orúnkún yín. Ẹ ní kí n dákẹ́."

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ohun tí mò ń pè ní ìdílé, ọwọ́ ni.

Afua ti wọ bàtà, ó ti di ọmọ lọ́wọ́ mú. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, má gé e. Ó ní nítorí kí ni. Mo ní, irun ò ṣẹ̀. Ọwọ́ mi ló ṣẹ̀. Ọdún mọ́kànlá tó ti fẹ́ ọmọ mi, n kò bẹ̀ ẹ́ rí. Ó bọ́ bàtà. Ó ní, "Maa, ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Sherifa. Ohun tó bá sọ pé ká ṣe sí orí ẹ̀ la máa ṣe."

Mọ́ńdè, 19

Mo rìn dé iwájú kíósìkì. Mo padà.

Túsìdeè, 20

Mo mú ọmọ náà dání kí n má baà lè padà.

Mo bẹ Sherifa. Lójú àwọn oníbàárà ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ǹ bá rí nǹkan wí. Ó gbé àga fún mi. Ó wo orí Pamílẹ́rìn nínú oòrùn. Ó ní irun tín-tìn-tín ṣì ń yọ. Kí ẹnikẹ́ni má fà á, kí òwú má kàn án, kí òòyà má dé iwájú. Kò sídìí gígé. "Inú ilé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, Màmá. Kò gba onírun." Mo ní, ṣé yóò hù? Ó ní ti ọmọdé yóò hù, lágbára Ọlọ́run.

Ó ń wo gèlè mi. Kò bèèrè nǹkan kan. Èmi ni mo tú u. Ó ti tó ogójì ọdún tí ará ìta kankan ti rí ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó fi ìka kan kàn án, jẹ́jẹ́. "Tiyín ti pẹ́, Màmá." Mo ní mo mọ̀, kó má ṣàánú mi. Ó ní, "Ta ló fẹ́ ṣàánú yín, pẹ̀lú ẹnu yín yìí?"

Sátidé, 24

Pamílẹ́rìn mú òòyà wá, ó jókòó sáàárín orúnkún mi. Ó sún ejìká pọ̀, ó dijú, ó di aṣọ mi mú, ó ń dúró. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo ti ń rí i tipẹ́, mo rò pé ìtẹríba ni.

Inú bí mi. Kì í ṣe sí i. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ìyá mi ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún méjìlélógójì sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe fa tèmi ni wọ́n fa tiwọn, ni wọ́n fa ti ìyá wọn, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí n kò mọ orúkọ ẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó ní ó tó. Gbogbo wa ń rẹwà, gbogbo wa ń wé gèlè!

Mo fi omi wọ́n ọn. Mo fi òrí díẹ̀ pa á. Mo fi iwájú sílẹ̀. Ẹ̀yìn nìkan ni mo dì, méjì péré, ó rọ̀ débi pé ojú ń tì mí. Mò ń retí ẹkún. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ tó fi di aṣọ mi mú ti tú. Mo tẹ̀ síwájú láti wo ojú ẹ̀.

Ó ti sùn.

Orí tí mo ti dì láyé mi ò níye. Ọmọ kan ò sùn lábẹ́ ọwọ́ mi rí.