Aṣọ Funfun Tó Pòórá

Bàbá Ìbejì,

Mo ti lọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ò pa kọ̀ǹpútà, mo sì rí ibi tí ẹ ti ń kọ́ Látìn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fídíò bí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ṣe ń wé aṣọ funfun mọ́ra ló wà níbẹ̀.

Àná ni mo bi yín nípa aṣọ funfun oníbàárà mi tí mi ò rí mọ́. Látìn lẹ fi dá mi lóhùn! Ta ní ń fi èdè àwọn tó ti kú bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀, tí kì í bá ṣe pé ó ń fi nǹkan pamọ́?

Ẹ lọ aṣọ náà, kí ẹ gbé e wá kó tó di ọ̀sán. Ẹ má sọ pé ẹ ò mọwọ́mẹsẹ̀ o. Ṣọ́ọ̀kì búlúù tí mo fi sàmì sí i ló wà léjìká yín láàárọ̀ yìí.