Igun Kan Péré Lójú Ọ̀run

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹni tó bá ti wo igun kan lójú ọ̀run, ó ti wo gbogbo rẹ̀ tán. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló kéde rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kan ní Ṣàpọ́n lánàá, tó ń ká apá agbádá lé èjìká bí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí Olúwa ń to ìràwọ̀. A pàtẹ́wọ́. Ẹ mọ̀ pé àwa ará Abẹ́òkúta kì í fi àtẹ́wọ́ du agbádá ńlá.

Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ bíi tèmi wá dìde, ó gbé àwòrán méjì síta. Ojú ọ̀run ni méjèèjì, wọn ò tóbi ju ara wọn lọ, awò awọ̀nàjíjìn kan náà ni wọ́n sì fi yà wọ́n. Àwọn gálásì, ìyẹn àgbájọ ìràwọ̀ tí kò lóǹkà, kún inú àwòrán kìíní fọ́fọ́. Èkejì, ó ku díẹ̀ kó ṣófo. Ó ní àwọn gálásì kì í pín dọ́gba: wọ́n á ṣù jọ síbì kan bí ilé àdúgbò Igbein, wọ́n á fi ibòmíràn sílẹ̀ bíi pápá. Àfi kéèyàn wo ibi tó fẹ̀ dáadáa kó tó mọ bí ọ̀run ṣe rí.

Mo tẹjú mọ́ àwòrán méjèèjì. Kì í ṣe nítorí ìràwọ̀. Àbẹ̀ní àbúrò mi ló sọ sí mi lọ́kàn.

Bàbá, ṣé ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ tí mo ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ dé, tí mo jókòó tì í lórí ẹní, tí mo fún un ní ìṣirò pínpín mẹ́fà? Kò rí ẹyọ kan gbà. Mo fi gègé pupa fa igi sí i, mo sọ fún yín pé orí rẹ̀ ò gba ìwé. Kò pẹ́ rárá tẹ́ ẹ fi yọ ọ́ nílé ìwé, tó bá yín lọ sóko Itori.

Láàárọ̀ yìí ni mo wọkọ̀ lọ bá a níbẹ̀. Ẹ ò sí nílé; ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Mo ṣàlàyé àwòrán méjèèjì, mo ní kó foríjì mí. Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé dandan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀run kẹ́ ẹ tó mọ̀? Pínpín nìkan lẹ bi mí. Mo mọ ìyókù.”

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn odò ilẹ̀ yìí fún mi, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ìwé nígbà náà. Kò fo ọ̀kan.

Ọmọdé ni mo jẹ́ nígbà yẹn, Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìwé mímọ̀ yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wú iṣu wò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oko kẹ́ ẹ tó sọ pé ọdún ṣe dáadáa. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi bi Àbẹ̀ní alára kẹ́ ẹ tó yọ ọ́ nílé ìwé?

Èmi, ọmọ yín tó ṣì fẹ́ràn yín.