Oríkì Mi Tí O Fún Òkú Bàrúwà

Hamdalah ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Ìgàndo, mo sì kí onílé yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá mi lóhùn nígbà tí mo wá. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbúròó ibi nípa ara wa. Àmín. Ara tèmi le, mo wà láàyè, mo sì fẹ́ kí o ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, torí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Abdulganiyy tó ń bá wa fi iná sí fóònù ló fi fíìmù tí o ṣe han gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n rí ọ tí o wó lu òkú bàbá rẹ, tí ò ń sunkún. Kí n tó ti oko dé, wọ́n ti tẹ́ ẹní síwájú ilé mi, Àmúsà àbúrò mi sì ti ń gba owó ìsìnkú lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà tí wọ́n rí mi tí mo gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, àwọn kan sá. Àmúsà kò dá owó náà padà, ó ní kó ṣì wà lọ́wọ́ òun, pé ọjọ́ ń bọ̀.

Mo gba fóònù náà kí n wò ó fúnra mi. Mo ní Hamdalah, dìde, bàbá rẹ rèé, o ò dá mi lóhùn. Abdulganiyy ní o ò lè gbọ́ mi. Mo ní ọmọ tó ń gbọ́ mi láti Ìgàndo tí mo bá fi fóònù yìí kan náà pè é, báwo ni kò ṣe ní gbọ́ nígbà tí mò ń wò ó lójú? Ó ní kí n jọ̀wọ́, kí n má pariwo sí fóònù òun.

Wọ́n ní Julius ni ọkùnrin tó sùn síbẹ̀ yẹn ń jẹ́, pé Bàrúwà ló ń gbé. Òkú tó ń mí. Mo rí ikùn rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, ẹni tí kò lè kú dáadáa ni wọ́n ń sanwó fún. Èyí tó dùn mí jù ni pé oríkì mi ni o fi sunkún rẹ̀. Àkànní, ọmọ akọ́lé-má-tìlẹ̀kùn. Ṣé Julius ni kì í tìlẹ̀kùn, ní Bàrúwà tí wọ́n ti ń ti géètì lọ́sàn-án gangan? Mo mọ̀ pé ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, àmọ́ lọ bá a, kó gbìyànjú kó dá oríkì mi padà.

Mo ti mọ̀ yín tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tíátà. Nígbà tí mo wá, mo bá ìwọ àti Richard àti Ọmọ́wùnmí nínú àgbàlá, tí ẹ ń ké bí ewúrẹ́, ẹ ní ìdánwò ń bọ̀. O tún ní ẹ ṣe ìdánwò ìrìn. Ọmọ tó rìn lójú mi kó tó pé ọdún kan ni yunifásítì tún ń kọ́ ní ìrìn. Ọmọ ẹlòmíràn ń kọ́ ìṣègùn, tèmi ń kọ́ ẹkún. Mọ̀dínátù ìyá mi sunkún gbogbo òkú abúlé yìí láìgba ìwé ẹ̀rí, ẹran ni wọ́n sì fi ń dá a lọ́lá.

O wá ránṣẹ́ pé tíátà ni wàá máa ṣe jẹun tí o bá jáde, pé o ò fẹ́ iṣẹ́ káńsù tí Adéolú ẹ̀gbọ́n rẹ bá ọ wá, àfi tí mo bá ní dandan ni. Mo ti mú bírò láti kọ ọ́ pé dandan ni. Mo kàn ní kí n tún fíìmù náà wò, kí n lè rí ohun tí n ó fi bú ọ sí i.

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé o ò ki oríkì náà tán. Ìlà tó kẹ́yìn, tí ìyá mi máa ń sọ sí mi létí, tí èmi náà sọ sí ọ létí, mo dúró dè é, kò jáde. O pa ẹnu dé, o gbé orí lé àyà Julius. Mo kọ́kọ́ ní o gbàgbé ni, àmọ́ o kì í gbàgbé nǹkan, o mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́ ni. Omi bọ́ lójú mi níwájú Abdulganiyy, mo ní èéfín jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ni.

Mo ti sọ fún Adéolú kó fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ẹni tó lè sunkún báyẹn, fáìlì ìjọba ló máa sọ di tútù. Má rò pé mo ti gbà pé iṣẹ́ gidi lẹ̀ ń ṣe o.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí Julius náà dá sí i, torí ó ti lo oríkì mi. Inú ẹ̀rọ POS Abdulganiyy ni kó gbà wá, àmọ́ má fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ òjò, kí owó má baà rin. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lọ, á máa ṣọ́ ọ bọ̀. Ẹkún eré nìkan ni wàá máa sun.

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, má ki í fún òkú fíìmù kankan, iye yòówù kí wọ́n san. Tèmi ni. Àmọ́ mi ò kánjú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdulsobur Àkànní