Èéfín Wa Lórí Àpáta

                                        Agboolé Olókè,
                                        Orí Àpáta Ùjòkè,
                                        Lọ́nà Ijan-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Mosúnmọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi,

Báwo ni òtútù Ìbàdàn ṣe ń ṣe yín? Ṣé ara ọkọ rẹ ti le? Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ń lo oògùn wọn? Àwa ń bẹ, a dúpẹ́. O ó ti rí àdírẹ́sì yìí, o ó sì máa rò pé orí mi dàrú. Rárá o. N kò sí nílé mi ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó. Orí àpáta àwọn babańlá wa ni mo wà, n kò sì tíì fẹ́ sọ̀kalẹ̀.

Àwọn tó ń fọ́ òkúta tà ló dé. Wọ́n gòkè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rí ògiri òkúta tí kò ní òrùlé, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀. Bùrọ̀dá Ayọ̀rìndé, tí a fi ṣe olórí ẹbí, sì gbà fún wọn! Ó tilẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má gòkè dáná lọ́dún yìí. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ọmọ Olókè tó ń jẹ iṣu titun kí àgbà obìnrin ilé wa tó dáná níbí, kí ará ìsàlẹ̀ sì rí èéfín. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ titun wọ́. Àgbà tiwa ti ń ta ọjà ọ̀hún fúnra rẹ̀! Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun.

Ìyá Akínbọ́lá, àbúrò ìyá-ìyá wa, ni iná dídá kàn. Wọ́n gbọ́ ìkìlọ̀ Bùrọ̀dá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n bá àwọn ru iṣu. A gòkè láàárọ̀ àná. Orúnkún ń dùn wọ́n, síbẹ̀ èmi ni mò ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí a dókè, Mosún, ojú mi là! Kùrukùru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká kúrò lórí àwọn òkè, páànù ilé Ijan ń dán nísàlẹ̀, a ń wo Adó lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣé èyí ni kí wọ́n fọ́, kí wọ́n fi da títì? Ó dùn mí wọra.

Ìyá gbá ààrò àtijọ́, wọ́n gbàdúrà, wọ́n dáná, wọ́n kó ewé tútù lé e kí èéfín lè nípọn. Kò pẹ́ tí Bùrọ̀dá pè mí, tó ń jágbe pé kí n mú ìyá sọ̀kalẹ̀ kíá. Mo gbé fóònù fún wọn.

“Ayọ̀rìndé, ulé bàbá mi ni mo wà o. Ùwọ ni kí o gòkè wá.”

Wọ́n pa fóònù, wọ́n yí iṣu wọn padà nínú iná.

Kí oòrùn tó wọ̀, a gbọ́ ohùn lójú ọ̀nà. Àwọn obìnrin ilé wa ni, pẹ̀lú iṣu, ẹní àti ìkòkò. Wọ́n ti rí èéfín. Fúnkẹ́mi àbúrò wa, pẹ̀lú oyún rẹ̀, kò gbẹ́yìn! Gbogbo wa la sùn síbí. Lọ́la ni àwọn afọ́kùúta ń bọ̀ wá sàmì síbi tí wọn yóò lu ihò sí. Kí wọ́n máa bọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi dì mọ́ Màmá. Fóònù ni n ó fi ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ kí bátìrì tó kú. Má rán ẹnikẹ́ni wá ṣojú rẹ o. Ìwọ gan-an ni kí o gbé ẹní rẹ wá. Ẹni yòówù kó dé bá wa níbí lọ́la, “Ẹ kú ilé” ni yóò kọ́kọ́ kí wa.

Èmi tìrẹ tí kò ní sọ̀kalẹ̀,
Tèmídayọ̀