Ìbọn Tí Mo Gbé Hàn Gbogbo Ayé

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ìlú Tuntun,
                                        Ìsẹ̀-Èkìtì,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        18 Oṣù Kọkànlá, 1988.

Adégòkè, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìbídùn aya rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń múra ìdánwò? Ẹ kú ooru Èkó o. Ní tiwa níbí, ọyẹ́ ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀, àwọn oníkòkó sì ti sá kòkó wọn dé etí títì débi pé ọkọ̀ méjì kì í lè yà fún ara wọn mọ́. Mojírádé ní kí n kí ọ. Màmá yín náà wà ní àlàáfíà. Mo rí wọn ní Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n ṣì ń bá gbogbo ènìyàn jà nítorí ìjókòó wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà má da ara rẹ láàmú nípa tiwọn.

Lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Má rò pé mo gbàgbé rẹ. Mo ti jókòó ti bébà yìí bí ìgbà mẹ́rin kí n tó rí nǹkan kọ sí i. O kí mi kú ará fẹ́ra kù Bàbá Bámijókò, o sì béèrè irú àìsàn tó pa wọ́n, nítorí gbogbo ohun tí o gbọ́ ò ju pé Bàbá ti sùn lọ. Lẹ́yìn náà ni o wá sọ pé Dúrótoyè sọ fún ọ l'Ékòó pé mo ń gbé ìbọn ìléwọ́ sí ìdí ní gbangba, pé olè kankan kò jẹ́ wò mí lójú mọ́. O ní o fẹ́ ní irú rẹ̀ kí o tó kó wálé ní Kérésìmesì láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ adìyẹ rẹ ní Emùré, kí n kọ ìwé sí ọ̀gá tó bá mi gba àṣẹ, kí n ṣe onídùúró rẹ. Adégòkè, ohun méjèèjì tí o béèrè, ọ̀kan náà ni. Jọ̀wọ́ wá ibì kan jókòó sí kí o tó máa kà á lọ.

O rántí pé ọdún kejì tí mo kúrò l'Ékòó ni àwọn ọlọ́ṣà dá mi lọ́nà láàárín Emùré àti Ìsẹ̀ níbí. Pákó ni mo kó, mò ń lọ sí Àkúrẹ́. Wọ́n lù mí títí wọ́n fi ṣẹ́ mi ní egungun ìhà, wọ́n sì bọ́ aṣọ lára Kọ́ládé tó ń bá mi wa ọkọ̀. Nígbà tí ara mi yá, ohun tó kù lọ́kàn mi kò ju pé irú rẹ̀ kò ní í ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́. Báyìí ni mo ṣe wá ìbọn. Ògbólógbòó ìbọn ni, ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Mo gba ìwé àṣẹ, mo ra ìgbànú aláwọ tó ní àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì ń gbé e kiri lójú gbogbo ayé.

N kò fi í pamọ́. Èrò mi ni pé ẹni tó bá fi ìbọn sábẹ́ aṣọ ni èrò ibi wà lọ́kàn rẹ̀, èmi tí mo ní ìwé, kí ló dé tí n ó fi máa bò ó? Ká sòótọ́, ó ṣiṣẹ́. Fún odidi ọdún kan àti oṣù méjì, ẹnikẹ́ni kò dá mi lọ́nà. Àwọn ìyá tó ń ná ọjà Emùré a máa dúró dè mí lójú títì kí wọ́n lè bá mi gun ọkọ̀, wọ́n ní ọkọ̀ mi ni ọkàn àwọn ti ń balẹ̀. Mojírádé bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa. Bí mo bá ń sọ gbogbo èyí, n kò parọ́ fún ọ, ìwọ náà ti mọ̀ mí.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí n kò tètè rí. Mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ẹ̀fẹ̀ á tán. Àwọn ọmọdé àdúgbò tó máa ń sáré wá gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi wá ń kí mi láti òkèèrè. Nínú ìpàdé ìdílé wa lórí ààlà oko kan, gbogbo ohun tí mo bá ti sọ ni wọ́n ń gbà, inú mi sì ń dùn pé ọgbọ́n mi ti ń wọ̀ wọ́n létí. Ìbọn tó wà lórí itan mi ni wọ́n ń wò, Adégòkè. Lọ́jọ́ kan ní ilé epo, ọkùnrin kan já wọ iwájú mi lórí ìlà. Mo kàn gbé ọwọ́ lé ìbọn náà ni, n kò yọ ọ́. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ lórí epo tó dà sílẹ̀, ọkùnrin tó lè bí mi ní àbíkẹ́yìn. Ìtìjú bá mi títí mo fi délé, síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo tún dì í mọ́ ìdí.

Bàbá Bámijókò nìkan ló sọ̀rọ̀ sí i lójú mi. O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, àwọn ló tọ́ mi dàgbà láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, iṣu wọn ni èmi àti ìwọ jẹ jáde ìwé mẹ́wàá. Wọ́n ti ṣọdẹ rí nígbà èwe wọn. Wọ́n wo ìdí mi, wọ́n ní, “Ara ògiri ni ubọn í wà ní ulé, Ọlálérè. Kè ṣe ara ènìyàn.” Mo ṣàlàyé, mo sọ ti àwọn ọlọ́ṣà, mo sọ ti egungun ìhà mi. Wọ́n gbọ́ tèmi, wọn kò bá mi jà. Wọ́n kàn bẹ̀ mí pé kí n má gbé e wọ agbo ilé àwọn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fẹ́ yà kí wọn, inú ọkọ̀ ni mo máa ń tú ìgbànú náà sí, màá tilẹ̀kùn, kí n tó wọlé.

Ọjọ́rú ni, nínú Oṣù Kẹsàn-án. Mò ń lọ sí Emùré ní òwúrọ̀, iṣẹ́ ń wọ́ mi lọ. N kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn láti yà. Ṣùgbọ́n bí mo ti sọ̀ kalẹ̀ ní ìsọ̀ fọkáníṣà kí ó bá mi fẹ́ táyà, ta ni mo rí tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, pẹ̀lú ọ̀pá wọn àti ewé tí wọ́n lọ já? Bàbá ni. Wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà sọ fún mi, kí ni ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa máa ń ṣe? Ara mi ló kọ́kọ́ ṣe é kí n tó rò ó. Mo na gbalaja síwájú wọn lórí sìmẹ́ńtì etí gọ́tà, bí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti mọ ilẹ̀ tẹ̀.

Ìbọn náà yọ kúrò nínú àpò rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn lu sìmẹ́ńtì. Mo gbọ́ ìró kan. Mo rò pé táyà ló bẹ́. Ojú mi ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Bàbá lókè orí mi, wọ́n ní, “Dìde, ọmọ mi,” bí wọ́n ti máa ń sọ fún mi nígbà gbogbo. Mo dìde. Wọ́n fi ọwọ́ kan di ikùn wọn mú, ewé tí wọ́n já ti fọ́n ká sílẹ̀.

Èmi àti fọkáníṣà la gbé wọn sínú ọkọ̀, ó dì wọ́n mú lẹ́yìn, èmi wa ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò ní ọsibítù. Ọlọ́pàá kan tó mọ̀ nípa ìbọn ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé irú ìbọn àtijọ́ bẹ́ẹ̀, bí irin kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá fi agbára kan ohun líle, ó lè yìn láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí mo bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? N kò béèrè rí. Ohun tí mo kọ́ kò ju bí a ṣe ń kó ọta sínú rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ọlọ́pàá wá gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu Bàbá. Ará Òkè Ọya ni ọlọ́pàá náà, kò gbọ́ Èkìtì, nítorí náà nọ́ọ̀sì kan ló ń túmọ̀. Ó béèrè ẹni tó yìnbọn. Bàbá ní, “Ọmọ í kí mi ni.” Ó tún béèrè bóyá ìjà ilẹ̀ wà láàárín wa. Bàbá ní, “Mo ní ọmọ í kí mi ni.” Bó ti bi wọ́n tó, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún un títí ọlọ́pàá náà fi pa ìwé rẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n wà nílé kọ ìwé sí ọ lónìí. Àwọn ọlọ́pàá gba ìbọn náà, wọ́n gba ìwé rẹ̀, wọ́n fi mí sílẹ̀. Bàbá kú ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi ni mo pa wọ́n, Adégòkè. Kò sí àìsàn kankan.

Àwọn kan níbí ń tù mí nínú pé ká ní n kò ní ìbọn náà ni, àwọn ọlọ́ṣà ì bá ti pa mí. Bóyá òótọ́ ni. Ní oṣù tó kọjá wọ́n tún dá mi lọ́nà ní ibi kan náà. Wọ́n gbá mi létí, wọ́n gba rédíò ọkọ̀, wọ́n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ mi lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọ̀ sára, n ò ní fi pamọ́ fún ọ. Mo wọlé láìwọ bàtà, mo bá Mojírádé jẹun alẹ́. Bí ìwọ bá bi mí bóyá ọ̀nà ti wá dára, n ó ní kò dára. Wá pẹ̀lú èrò púpọ̀, kí ẹ rìn ní ọ̀sán.

Láti ìgbà náà, n kò lè dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Màá kàn tẹ̀ díẹ̀ bí ará Èkó, àwọn àgbà ìlú sì rò pé ìgbéraga ni. Mo ń lọ wo Ìyá Olúbùnmi, opó Bàbá, ní àràárọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n wò mí níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Ṣé a kè í kí ènìyàn ní ulé yí mọ́ ni?” Mo na ara mi sílẹ̀ níwájú wọn. Ọwọ́ mi ti kọ́kọ́ lọ sí ìdí mi kí n tó mọ̀, ó ń wá nǹkan tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá rí i. Wọ́n bú sẹ́kún, èmi náà sì sun tèmi níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí.

Nítorí náà, ìwé tí o ní kí n kọ sí ọ̀gá yẹn, n kò ní í kọ ọ́. Bí o bá rí ẹlòmíràn tó lè bá ọ ṣe é, n kò lè dá ọ dúró, ṣùgbọ́n má sọ pé èmi ni mo júwe ọ̀nà. Ìyá rẹ wà láàyè. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ méjèèjì wà láàyè. Bí o bá dé, wọn yóò jáde wá pàdé ọ, ìwọ náà yóò sì na gbalaja bí wọ́n ti kọ́ wa.

Bá mi kí Ìbídùn àti àwọn ọmọ. Kí Dúrótoyè, kí o sì sọ fún un pé kí ó má ròyìn ìbọn mi fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹlòmíràn bá sì bi ọ́ ní Èkó níbẹ̀ pé irú ikú wo ló pa Bàbá Bámijókò, má ṣe bò mí láṣìírí. Sọ fún un pé èmi ni mo kí wọn pa.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Ọlálérè.